Àyè àti Ìtẹ̀sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Sípíríǹgì Fáàfù ní Etí Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń bi mí léèrè pé ǹjẹ́ èdè Yorùbá lè sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kí ó sọ ọ́ yanjú, tàbí orin àti oríkì nìkan ni ó mọ̀ ọ́n sọ. Èsì tí mo máa ń fún wọn ni pé kí wọ́n lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì fún ọjọ́ kan, kí wọ́n pa ẹnu mọ́, kí wọ́n la etí sílẹ̀. Ohun kan tí mo gbọ́ ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí: bí a ṣe ń mọ̀ pé sípíríǹgì tí ń pa fáàfù dé ti rẹ̀ tàbí pé ó ti ṣẹ́, àti bí a ṣe ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn mìíràn tí ó jọ ọ́ bí ìbejì. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó gbé gbogbo rẹ̀ ró, àyè àti ìtẹ̀sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan fún èkejì, owó ńlá ni yóò fi san án.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò wo inú ẹ́ńjìnì rí. Lókè sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ni ilẹ̀kùn kéékèèké wà, ó kéré tán méjì: ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ àti epo láti wọlé, èkejì fún èéfín láti jáde. Àwọn ilẹ̀kùn yìí ni fáàfù. Kámúṣáàfù ni ó ń ṣí wọn. Irin gbọọrọ ni, ó sì yọ ikùn níbì kọ̀ọ̀kan. Bí ó ti ń yí, ikùn rẹ̀ a ti tápẹ́ẹ̀tì sókè, tápẹ́ẹ̀tì a ti púṣírọ́ọ̀dù, púṣírọ́ọ̀dù a gbé ìdí kan rọ́kà sókè, orí rọ́kà kejì a sì tẹ fáàfù wọlé, gẹ́gẹ́ bí igi jangilọ́fà tí apá kan ń lọ sókè tí apá kejì ń bọ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn yìí kọ́ ni ó ń pa á dé. Sípíríǹgì ni ó ń pa á dé, òun nìkan. Bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámúṣáàfù a yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 4,400 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 2,200 ni sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan yóò ká jọ tí yóò sì tún nà ní ìṣẹ́jú kan náà. Láàárín wákàtí kan, ó di ìgbà 132,000. Irin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin pàápàá máa ń rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti wọlé nìyí. Bí irin bá gbóná, ó máa ń gùn sí i. Nítorí ìdí èyí, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnì àtijọ́, a gbọ́dọ̀ fi àlàfo tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín rọ́kà àti ìdí fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, kí fáàfù lè rí ibi gùn sí láìṣí sílẹ̀. Fún Peugeot 504, tí ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, àlàfo náà jẹ́ 0.10 mílímítà fún fáàfù tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.25 fún èyí tí ń tú èéfín jáde, nítorí pé ti èéfín ni ó ń gbóná jù. Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n tò ní ojú ọ̀nà Bàdágírì láti ọdún 1975 kan náà, ń fẹ́ 0.15. Orí irú ẹ́ńjìnì wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó ti hewú lónìí ti kọ́ṣẹ́. Lẹ́nu wọn, iṣẹ́ náà ní gbólóhùn kan ṣoṣo: *fún un láyè*. Bí o bá fún un láyè jù, yóò máa pariwo. Bí o kò bá fún un láyè, fáàfù kò ní padé dáadáa, iná yóò sì jẹ ẹ́ létí. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yìí púpọ̀, nítorí pé ohun tí a ń sọ fún ìyá ọkọ tí kò jẹ́ kí aya ọmọ rẹ̀ simi náà ni.

Ọ̀rọ̀ kejì jẹ́ ti tápẹ́ẹ̀tì mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì ọlọ́ìlì. Ìkòkò kékeré ni, písítìn kíńkínní sì wà nínú rẹ̀ tí ó jókòó sórí ọ́ìlì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ń wọ ìkòkò náà láti ẹ̀gbẹ́, bọ́ọ̀lù kékeré kan sì ń dínà kí ó má padà. Bí àlàfo bá fẹ́ yọ níbikíbi, ọ́ìlì a kún un, písítìn kíńkínní náà a dìde, àlàfo a sì tán. Nítorí náà ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ kì í pariwo, a kì í sì í fi àyè sílẹ̀ fún un. Ìdàkejì ni a ń ṣe: a ó ti nọ́ọ̀tì orí rọ́kà títí àlàfo yóò fi tán, a ó sì tún tì í sí i díẹ̀, kí písítìn kékeré inú rẹ̀ lè rì díẹ̀, kí ó wà ní àárín, kí ó lè rí ibi lọ sókè, kí ó sì rí ibi lọ sísàlẹ̀. Ìrì díẹ̀ yẹn ni ọ̀gá tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pè ní *ìtẹ̀sílẹ̀*.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. *Sílẹ̀* nínú èdè wa ní ìtumọ̀ méjì ó kéré tán. Ó lè jẹ́ ìhà ilẹ̀, ìyẹn ìsàlẹ̀: *ó jù ú sílẹ̀*. Ó sì lè jẹ́ kí a ṣe nǹkan ṣáájú kí àkókò rẹ̀ tó dé: *ó ti se oúnjẹ sílẹ̀*. Bí mẹkáníìkì bá sọ pé òun *tẹ* tápẹ́ẹ̀tì *sílẹ̀*, ìtumọ̀ méjèèjì ni ó ń bẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ó tẹ̀ ẹ́ lọ sísàlẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ ṣáájú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ tí ó bá ohun tí ó ń sọ mu tó báyìí. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó láti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìwé *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀, iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 sì fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọwọ́ wọn dúdú fún ọ́ìlì náà ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí a bá ń sọ ti Ẹ̀pẹ́, omi ni a ń sọ. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni ó so Ọ̀sà Lékì ní ìlà oòrùn pọ̀ mọ́ Ọ̀sà Èkó ní ìwọ̀ oòrùn. Ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá wá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé wọn kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì gbé wọn. Títí di òní, ẹja, ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ọkọ̀ kò kúrò lẹ́nu ará ìlú náà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ tí àwọn apẹja ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ kò ní irú fáàfù tí mo ń sọ yìí rárá. Yamaha alápo-méjì ni, èyí tí a ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀. Ihò ara sìlíńdà ni ó ń fi gba afẹ́fẹ́ tí ó sì ń fi tú èéfín, písítìn fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣí ihò náà tí ó sì ń dí i. Kò ní kámúṣáàfù, kò ní rọ́kà, kò ní sípíríǹgì fáàfù. Ìdí nìyẹn tí ọmọkùnrin kan fi lè mọ ẹ̀rọ ọkọ̀ dunjú ní Ẹ̀pẹ́, kí ó má sì mọ ohun tí ó ń jẹ́ tápẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yàtọ̀. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò sí ní ìdí rẹ̀ lóde, inú ọkọ̀ ni ó wà: ẹ́ńjìnì Amẹ́ríkà oní-sìlíńdà mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, tí wọ́n tò bí lẹ́tà V. Ìdílé Chevrolet ni ó ti wá, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1955. Fáàfù mẹ́rìndínlógún ni ó ní, tápẹ́ẹ̀tì ọlọ́ìlì sì ni ó ń lò. Alájì tí ó ni ín ti gbé e lọ fún àtúnṣe níbòmíràn kí ó tó wá sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀dùn rẹ̀ ni pé bí òun bá rọra ń lọ, ọkọ̀ ń lọ bí ẹni ń ṣeré. Ṣùgbọ́n bí òun bá ti fi iná sí i tí ìyípo rẹ̀ fẹ́ kọjá nǹkan bí 3,500, yóò kọ̀, yóò máa hó ní ẹnu kabúrétọ̀, *pọ́-pọ́-pọ́*, gbogbo ara ọkọ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Wọ́n ti pààrọ̀ kabúrétọ̀. Owó ti lọ, àìsàn wà níbẹ̀. Ó sì ti fi orúkọ àwọn ẹbí ìyàwó sílẹ̀ pé òun yóò gbé wọn gba orí omi lọ sí ayẹyẹ kan lọ́sẹ̀ kejì. Ènìyàn mẹ́jọ, ọmọdé mẹ́ta nínú wọn.

Ọ̀gá mẹkáníìkì náà kò fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Ó béèrè ọ̀rọ̀ ni.

"Alájì, ẹ má bínú o. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án rárá, ariwo wo ló kọ́kọ́ ń pa?"

"Ó ń dún lókè níbí. *Tíkí-tíkí-tíkí*. Àwọn yẹn ní tápẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n bá mi ti gbogbo rẹ̀, ariwo sì lọ."

"Ó lọ. Kíkọ̀ tó ń kọ̀ lórí ìyára ńkọ́? Ṣé kí wọ́n tó tì í ni àbí lẹ́yìn tí wọ́n tì í?"

Alájì rò ó díẹ̀. "Ó ti ń kọ̀ díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, Ọ̀gá. Ìgbà tí wọ́n tì í tán ló wá burú."

Ọ̀gá wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́? Àìsàn méjì ni. Ọ̀kan bo èkejì lójú."

N kò gbàgbọ́ pé ó lè sọ bẹ́ẹ̀ láìtíì ṣí ẹ́ńjìnì, àfi ìgbà tí ó ṣàlàyé fún wa. Ọ̀rọ̀ ìró ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ohùn òkè wà fún nǹkan kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ fún nǹkan ńlá, nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ya àwòrán nǹkan: *róbótó* ni ojú ọmọ tuntun, *ròbòtò* ni ikùn olówó. Àwọn mẹkáníìkì ń lo òfin yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní gírámà. Bí ariwo bá jẹ́ *kó-kó-kó*, òkè ni ó ti ń wá, láti ibi rọ́kà àti fáàfù, níbi tí irin ti fúyẹ́. Bí ó bá jẹ́ *kò-kò-kò*, ìsàlẹ̀ ni, kíráńkì àti àwọn irin wúwo tí ó so mọ́ ọn. Ìyẹn ni wọ́n ń sọ pé ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì, owó rẹ̀ sì ń dẹ́rù bani. Ìyára ìró náà tún jẹ́ ẹ̀rí. Ìró òkè ń lu ẹ̀ẹ̀kan fún ìyípo kíráńkì méjì, ti ìsàlẹ̀ ń lu ní gbogbo ìyípo. Ẹni tí etí rẹ̀ bá mọ ìlù yóò gbọ́ pé ìró òkè lọ́ra ní ìlọ́po méjì.

Nítorí náà, *tíkí-tíkí* Alájì, ti òkè ni. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń fà á? Ó lè jẹ́ tápẹ́ẹ̀tì ọlọ́ìlì tí ọ́ìlì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nítorí ìdọ̀tí. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì tí ó tú, tí ìtẹ̀sílẹ̀ sì ti tán. Ó sì lè jẹ́ sípíríǹgì tí ó ti ṣẹ́, tí kò lè tẹ rọ́kà mọ́ ìdí púṣírọ́ọ̀dù dáadáa mọ́. Àwọn tí ó kọ́kọ́ tún un ṣe kò yẹ èyíkéyìí wò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n gbọ́ ariwo, wọ́n sì ti nọ́ọ̀tì títí ariwo fi dákẹ́. Ohun tí ó tọ́ lójú ẹni tí Peugeot kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n ṣe: ariwo, ìyẹn ni pé àyè pọ̀ jù, dín àyè kù. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tí kò ní àyè ni. Ìtẹ̀sílẹ̀ ni wọ́n ń fi kún, wọn kò sì mọ̀.

Kí ni ìtẹ̀sílẹ̀ tí ó pọ̀ jù máa ń ṣe? Apá yìí ni ó dùn mọ́ mi jù. Bí sípíríǹgì bá ti rẹ̀, tí ẹ́ńjìnì sì ń sáré, fáàfù kò ní lè padà dé kíákíá tó ikùn kámúṣáàfù tí ń sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ohun tí ó wà láàárín wọn á já ara wọn sílẹ̀ lójijì, àlàfo á yọ. Kí ni tápẹ́ẹ̀tì ọlọ́ìlì ń ṣe tí ó bá ti rí àlàfo? Á kún un. Ọ́ìlì á wọlé, písítìn kékeré á dìde. Nígbà tí fáàfù bá wá fẹ́ jókòó, kò ní rí ibi jókòó mọ́, nítorí tápẹ́ẹ̀tì ti gùn ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ti há ilẹ̀kùn sí ṣíṣí. Agbára á lọ, iná inú sìlíńdà á gba ẹnu kabúrétọ̀ jáde. Ọ̀gá ní: "Ó ti *wú*." Báwo ni ó ṣe lè wú tó? Gẹ́gẹ́ bí a ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tó. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ ni ó lè dìde; bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdí, gbogbo gígùn yẹn ni yóò fi dìde. Ìdí tí àìsàn Alájì fi burú lẹ́yìn tí wọ́n ti nọ́ọ̀tì nìyẹn. Sípíríǹgì tí ó rẹ̀ àti tápẹ́ẹ̀tì tí ó wú, ìbejì ni wọ́n: àwọn méjèèjì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì kọ̀ lórí ìyára, àwọn méjèèjì ń jẹ́ kí ó máa ṣe dáadáa bí ó bá rọra ń yí. Ìkíní sì lè bí ìkejì.

Ọ̀gá fi sípánà tú púlọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó fi gééjì wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn dára. Ọmọ iṣẹ́ kan ní, "Ọ̀gá, fáàfù ò ṣe nǹkan kan nìyẹn." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a bá ń fi sítátà yí ẹ́ńjìnì, ìyípo rẹ̀ kéré. Sípíríǹgì tí ó ṣẹ́ pàápàá lè pa ilẹ̀kùn dé bí a kò bá kánjú. Ìyára ni ó ń tú àṣírí rẹ̀. Gééjì yìí dára fún fáàfù tí iná ti jẹ. Kò lè sọ nǹkan púpọ̀ nípa sípíríǹgì.

Wọ́n ṣí ìdérí rọ́kà. Sípíríǹgì mẹ́rìndínlógún tò síbẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, gbogbo wọn jọ ara wọn. Ọ̀gá fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi iná tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dúró lórí ẹ̀karùn-ún. Ó ti ṣẹ́ sí méjì, ṣùgbọ́n ìdá méjèèjì ti lọ́ mọ́ra wọn bí ejò méjì, irin pẹlẹbẹ tí ó wà nínú rẹ̀ sì dì wọ́n mú lójú kan. Láti òkè, ó jọ odindi. Kìkì pé ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí àwọn yòókù. Bí ó bá tún já lẹ́ẹ̀kan sí i, fìlà irin orí rẹ̀ yóò yọ, fáàfù yóò bọ́ sínú sìlíńdà, písítìn yóò sì pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò sí ohun tí ó ń kù nínú ẹ́ńjìnì lẹ́yìn irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀, a ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Lórí ọ̀sà, pẹ̀lú ọmọdé mẹ́ta nínú ọkọ̀ àti afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Alájì kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe yọ sípíríǹgì náà láìtú orí ẹ́ńjìnì jẹ́ ọgbọ́n tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Bí a bá tú sípíríǹgì lásán, fáàfù yóò jábọ́ sínú. Ọ̀gá ní kí wọ́n mú okùn ọkọ̀ wá, okùn ọ̀rá tí ó tó ìka kékeré. Ó yí kíráńkì títí písítìn sìlíńdà náà fi wá sókè díẹ̀ pẹ̀lú fáàfù méjèèjì ní pípadé, ó sì ń ti okùn gba ojú ihò púlọ́ọ̀gì wọlé, ó ń tì í, ó ń tì í, títí ó fi kún inú sìlíńdà, ó sì fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀ lóde. Ó tún yí kíráńkì díẹ̀ sí i. Písítìn gbé okùn náà sókè, okùn fún mọ́ fáàfù lábẹ́, ó dì í mú gbọin. Ìgbà náà ni ó tẹ fìlà irin náà, ó fi mágínẹ́ẹ̀tì mú kọ́tà kéékèèké méjèèjì tí ó dì í mú, sípíríǹgì sì jáde. Nígbà tí iṣẹ́ tán, ó yí kíráńkì padà sẹ́yìn, ó sì fa okùn jáde bí ẹni fa àwọ̀n. Àwọn kan ń fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ṣe é, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ tí iná bá lọ, fáàfù ti lọ nìyẹn. Okùn kì í ṣe NEPA.

Ojú ibi tí sípíríǹgì náà ti ṣẹ́ ń dán, àyàfi ní etí kan, níbi tí àmì ìpẹtà kékeré wà tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Sípíríǹgì kì í sábà já lójijì. Ó máa ń là láti ojú àpá kékeré kan lára rẹ̀, ìlà náà a máa gùn díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń ká tí ó ń nà, títí irin tí ó kù kò fi ní lè gbà á mọ́. Ẹ́ńjìnì tí ó jókòó fún oṣù púpọ̀ nínú ọ̀rinrin etí omi a máa làágùn lábẹ́ ìdérí rẹ̀, òógùn yẹn a sì pẹtà sórí sípíríǹgì. Nítorí náà iṣẹ́ àṣejù nìkan kọ́ ni ó ń pa wọ́n, ìjókòó pẹ̀lú. Ooru náà ní ìpín tirẹ̀: ẹ́ńjìnì tí ó ti gbóná kọjá ààlà rí lè mú kí agbára sípíríǹgì dín kù láìṣẹ́.

Fún àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó kù, Ọ̀gá lo fáìsì orí tábìlì rẹ̀. Ó fi sípíríǹgì àtijọ́ kan àti tuntun kan ko orí sí orí láàárín ẹnu fáìsì, ó sì ń fún un. Bí agbára wọn bá dọ́gba, wọn yóò kúrú dọ́gba. Bí ọ̀kan bá lọ́ra, òun ni yóò kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀. Kò lo nọ́ńbà kankan, síbẹ̀ ojú gbogbo wa rí i. Mẹ́rin nínú wọn juwọ́ sílẹ̀ kíákíá. Alájì ní kí wọ́n pààrọ̀ márùn-ún yẹn nìkan. Ọ̀gá kọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Alájì, ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ ò ní fẹ́ kí n máa wá bá yín láàárín omi." Mo rò pé ó tọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó mẹ́rìndínlógún kì í ṣe owó márùn-ún.

Ó tún kọ ohun kan tí ó yà mí lẹ́nu. Alájì ti gbọ́ pé sípíríǹgì tí ó le gan-an wà, irú èyí tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ sáré ìje ń lò. Lóòótọ́ ni. Nínú eré ìje NASCAR ní Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì oní-púṣírọ́ọ̀dù ti yí kọjá 9,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni pé fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí ju ìgbà márùndínlọ́gọ́rin lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Sípíríǹgì wọn gbọ́dọ̀ le bí ìkúùkù. Ṣùgbọ́n agbára tí ó fi ń ti fáàfù náà ni ó fi ń tẹ tápẹ́ẹ̀tì mọ́ ikùn kámúṣáàfù, bí ó bá sì le ju bí wọ́n ti ṣe é lọ, yóò máa jẹ ikùn náà títí yóò fi di pẹlẹbẹ. Ẹ́ńjìnì tí kò ní kọjá 4,800 kò ní ohun tí yóò fi ìyẹn ṣe.

Ó wá ku ìtẹ̀sílẹ̀. Ó yí ẹ́ńjìnì dé ibi tí fáàfù méjèèjì sìlíńdà kan ti padé pátápátá, ó tú nọ́ọ̀tì rọ́kà, ó sì ń tì í padà pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó ń fi ìka méjì ọwọ́ kejì gbé púṣírọ́ọ̀dù sókè sódò. Ọmọ iṣẹ́ kan ń yí tirẹ̀ láàárín ìka bí ẹni ń yí òwú; Ọ̀gá gbá a lọ́wọ́. Púṣírọ́ọ̀dù lè máa yí síbẹ̀ nígbà tí àlàfo ti tán, ọ́ìlì ń yọ̀ ọ́, ìwọ yóò sì ti tẹ̀ ẹ́ kọjá kí o tó mọ̀. Sókè sódò ni òtítọ́ wà. Ibi tí kò ti lè lọ sókè sódò mọ́ ni òdo. Láti òdo, a ó wá ka ìyípo nọ́ọ̀tì. Ìtọ́sọ́nà àtijọ́ fún ìdílé ẹ́ńjìnì yìí ni odindi ìyípo kan. Òjé nọ́ọ̀tì náà jẹ́ mẹ́rìnlélógún nínú íǹṣì kan, nítorí náà ìyípo kan mú un sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ ju mílímítà kan lọ. Àwọn tí ń sáré ìje a máa fẹ́ ìdajì ìyípo tàbí kí ó dín sí i, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé àlàfo yóò yọ lọ́jọ́ kan lórí ìyára, wọn kò sì fẹ́ kí tápẹ́ẹ̀tì rí ibi wú sí. Ọ̀gá mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni, kì í ṣe ẹṣin.

Ó ka gbogbo rẹ̀ sókè, mẹ́rìndínlógún, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń dá a lóhùn: "Òdo." "Òdo." "Tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀." "Mo ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, Ọ̀gá." Ìgbà kan ni ọ̀kan nínú wọn ní "Mo ti fún un láyè," bí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu láti ara ọkọ̀ ilẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ dúró. Ọ̀gá ní kí ó tú nọ́ọ̀tì náà, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ náà lè ti ṣe ohun tí ó tọ́ kí ẹnu rẹ̀ tó ṣì í.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sójú omi, ní ìhà Ẹ̀jìnrìn. Abẹ́rẹ́ gééjì kọjá 3,500, ó kọjá 4,000, ó dúró sí 4,400, kò sì hó. Alájì béèrè bóyá òun lè fi iná sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní kí wọ́n padà, nítorí ọ́ìlì tí òun fẹ́ pààrọ̀ lẹ́yìn wákàtí àkọ́kọ́, àti nítorí pé apẹja kan ti ń dúró dè é láti àárọ̀ pẹ̀lú Yamaha tí kò fẹ́ jí.